Ilẹ̀ tó mì lábẹ́ Abẹ́òkúta: ohun tí ìró rẹ̀ lè sọ fún wa

Gbogbo ìgbà tí ìròyìn bá jáde pé ilẹ̀ mì ní Accra tàbí ní Àbújá, ìbéèrè kan náà ló máa ń gba ẹnu àwọn ará Abẹ́òkúta, láti Kútọ̀ dé Lafẹ́nwá: ṣé irú rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ wa? Ẹnìkan á ní kò lè ṣẹlẹ̀, orí àpáta la tẹ̀dó sí, Olúmọ kò sì yẹ̀ láti ìgbà táwọn baba wa ti sá sábẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn á ní ó ti ń ṣẹlẹ̀ tipẹ́, ẹ wá wo ògiri ilé òun lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá bó ṣe sán, àwọn tó ń fọ́ òkúta ló fà á.

Ọ̀rọ̀ ẹni àkọ́kọ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 1984, ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ará Ìbàdàn, Ṣàgámù àti Abẹ́òkúta sì mọ̀ ọ́n lára. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó tún fi mì. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 2000, òmíràn tí wọ́n wọn sí 4.7 kan Ìbàdàn, Àkúrẹ́, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú-Òde àti Abẹ́òkúta. Ti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009 wá láti Abomey-Calavi ní orílẹ̀-èdè Benin, ó sì dé ilẹ̀ Yorùbá níbí. Ti ẹnì kejì le díẹ̀, nítorí pé bí èèyàn bá dúró sórí ilẹ̀ tó mì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè sọ fún un bóyá dáínámáìtì ni tàbí àpáta tó yẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ka mímì ilẹ̀ lè sọ ọ́. Kì í sì í ṣe títóbi mímì náà ni ẹ̀rọ fi ń dá a mọ̀. Ìró rẹ̀ ni.

Iye tí rédíò máa ń kà, 4.7 tàbí 6.5, bí ilẹ̀ ríri ṣe tóbi tó ló ń sọ. Ìró rẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n ń pè ní fíríkúẹ́ńsì: iye ìgbà tí ilẹ̀ lọ tó sì bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò sí ilẹ̀ ríri tó ní ẹyọ ìró kan ṣoṣo. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ máa ń wà nínú rẹ̀ pọ̀. Ibi tí ohùn rẹ̀ ti pọ̀ jù, àti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù bó ṣe ń lọ sókè, ni àwọn onímọ̀ ń wá.

Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn àyàn rí yóò tètè lóye rẹ̀. Kànnàngó kéré, ohùn òkè ló ní. Ìyáàlù tóbi, ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Síbẹ̀, bí àyàn bá fún ọṣán ìyáàlù kan náà, ohùn rẹ̀ á gòkè láìjẹ́ pé ìlù náà súnkì. Títóbi àti fífún, àwọn méjèèjì ló ń pàṣẹ fún ohùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ilẹ̀ ríri: bí ojú ìsán, ìyẹn ibi tí àpáta ti sán lábẹ́ ilẹ̀, tó yẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, àti bí agbára tó fún un pọ̀ ṣe le tó kó tó já.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí títóbi. Nígbà tí àpáta méjì tó ti ń ti ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún bá yẹ̀, ibi kan ni yíyẹ̀ náà ti ń bẹ̀rẹ̀, á wá máa sáré gba ojú ìsán lọ ní kìlómítà méjì sí mẹ́ta ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 2 kì í yẹ̀ ju ibi tí kò tó 150 mítà ní ìbú lọ, ó sì ti parí kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Ìró rẹ̀ á pọ̀ ní nǹkan bí ogún ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti ìwọ̀n 5 á sọ̀ kalẹ̀ sí bí ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá, ti ìwọ̀n 7 á gba ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó lọ kó tó bọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ti Sumatra ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2004 ya ojú ìsán tó gùn ju 1,200 kìlómítà lọ, yíya náà nìkan sì gba bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ọmọ Japan kan, Keiiti Aki, ló fi ìdí bí títóbi àti ìró ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn múlẹ̀ ní ọdún 1967. Nígbà tó di ọdún 1970, James Brune ará Amẹ́ríkà kọ ìṣirò tí wọ́n ṣì ń lò títí di òní láti ti orí ìró dé orí agbára tó já, ìyẹn fífún tó tú sílẹ̀ nígbà tí àpáta yẹ̀.

Ìṣirò yẹn ló jẹ́ kí a lè bèèrè ọ̀rọ̀ fífún. Bí ilẹ̀ ríri méjì bá tóbi bákan náà, ṣùgbọ́n tí agbára tó já nínú ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́jọ ti èkejì, ìró rẹ̀ á ga ní ìlọ́po méjì. Nítorí náà, ẹni tó bá ka ìró dáadáa lè sọ bóyá ilẹ̀ tó yẹ̀ yìí, ilẹ̀ tí wọ́n fún le ni tàbí èyí tó rọ̀.

Ibí ni agbègbè ti wọ̀ ọ́. Èèpo ayé kì í ṣe odidi kan. Ó pín sí abala ńláńlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń rìn ní sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ́dún. Níbi tí abala méjì ti ń fi ara gbo ara, bíi ní Japan, Chile àti Turkey, ojú ìsán kan náà ló ń yẹ̀ léraléra láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan. Kì í ráyè jiná. Ṣùgbọ́n ojú ìsán tó wà láàárín abala, tó jìnnà sí etí, lè dákẹ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Láàárín ìgbà yẹn, òkúta méjèèjì á tún lẹ̀ mọ́ ara wọn, agbára tó máa já wọn á sì pọ̀ sí i. Hiroo Kanamori àti Don Anderson ṣe àkójọ àwọn ilẹ̀ ríri ńlá ní ọdún 1975, wọ́n sì rí i pé agbára tó ń já nínú àwọn tó ṣẹlẹ̀ láàárín abala tó ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn tó ṣẹlẹ̀ ní etí. Bí ìyáàlù bá tóbi bákan náà, ti àárín abala ni ọṣán rẹ̀ le jù.

Mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un kí ẹnikẹ́ni má baà sọ ọ́ di òfin. Iye yìí máa ń fò sókè fò sódò gan-an, kódà láàárín agbègbè kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ka ìró sí ìlọ́po méjì ohun tó jẹ́ ti sọ agbára di ìlọ́po mẹ́jọ nìyẹn. Yàtọ̀ sí èyí, ilẹ̀ tí ìgbì gbà kọjá náà máa ń jẹ lára ohùn òkè. Ilẹ̀ gbígbóná tó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, bíi ti California, máa ń jẹ ẹ́ kíákíá. Ilẹ̀ àtijọ́ tó tutù tó sì le máa ń jẹ́ kó rìn jìnnà. Ní ọdún 2011, ilẹ̀ ríri tí kò ju ìwọ̀n 5.8 lọ ní Virginia, lápá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, sán ọ̀wọ̀n ìrántí Washington lára, ó sì dé Canada. Kí onímọ̀ tó sọ pé ohùn tí ẹ̀rọ gbọ́ jẹ́ ti orísun, ó ní láti kọ́kọ́ yọ ohun tí ọ̀nà ti jẹ kúrò.

Àwọn ìyẹ̀ kan wà tí ohùn òkè kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú wọn rárá, àwọn ni wọ́n sì ń fi hàn jù pé ìró àti irú ilẹ̀ so pọ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1992, ìsàlẹ̀ òkun yẹ̀ létí Nicaragua. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé etíkun kò ka mímì náà sí, àwọn kan ò tilẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ mì. Òkun ló wá bò wọ́n, ó sì pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Irú rẹ̀ ni ti Sanriku ní Japan lọ́dún 1896: mímì tí kò le, àmọ́ omi tó tẹ̀ lé e pa bí ẹgbẹ̀rún méjìlélógún èèyàn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé níbi tí abala kan ti ń wọ abẹ́ èkejì, nítòsí ìsàlẹ̀ òkun, ẹrẹ̀ àti òkúta rírọ̀ ló wà níbẹ̀. Ìyẹ̀ á máa fà lọ díẹ̀díẹ̀ dípò kó ya fàà. Àwọn ará etíkun tó ń retí kí ilẹ̀ kọ́kọ́ gbò wọ́n kí wọ́n tó sá kò lè rí àsìkò sá.

Lápá Nankai, ní Japan yẹn náà, Kazushige Obara ròyìn ní ọdún 2002 pé ilẹ̀ ń kùn ní bí ọgbọ̀n kìlómítà nísàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹjọ ní ìṣẹ́jú-àáyá, fún ọjọ́ gbọọrọ. Ilẹ̀ ríri kékeré lásán tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ì bá ti ní ohùn tó ga ju ìyẹn lọ dáadáa. Wọ́n rí irú rẹ̀ ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Canada, níbi tó ti ń padà wá ní bí oṣù mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá. Ohun tó ń kùn yẹn ni ìsàlẹ̀ ojú ìsán tó ń yọ̀ díẹ̀díẹ̀, tó sì ń di ẹrù lé òkè rẹ̀ tó ṣì há. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tẹ́tí sí i.

Kò sí èyí tó kàn wá nínú ìyẹn. Kò sí abala kan tó ń wọ abẹ́ èkejì nítòsí ilẹ̀ Yorùbá, nítorí náà fídíò Japan tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp, tí wọ́n á kọ “Èkó ló kàn” sí abẹ́ rẹ̀, ìdẹ́rùbani lásán ni. Tiwa yàtọ̀.

Àpáta tí Abẹ́òkúta jókòó lé jẹ́ ti àtijọ́. Àkókò tí irú Olúmọ ti jáde wá tó bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Etí abala wa jìnnà. Ọ̀kan wà láàárín òkun Àtìláńtíìkì, níbi tí ilẹ̀ tuntun ti ń jáde tó sì ń ti Áfíríkà lọ síhà ìlà-oòrùn. Ìtì yẹn ló ń fún wa. Àwọn ojú ìsán ńlá wà nísàlẹ̀ òkun yẹn tó kọrí sí etíkun wa, Romanche àti Chain lára wọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2016, Romanche mì ní ìwọ̀n 7.1. Lórí ilẹ̀ gan-an, ojú ìsán Akwapim wà ní Ghana. Nítòsí rẹ̀ ni Accra ti mì ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1939 ní ìwọ̀n 6.5, tí Èkó, Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀ fi mọ̀ ọ́n lára. Nílé wa níbí, ojú ìsán Ìfẹ́wàrà gba ìtòsí Ilé-Ifẹ̀ kọjá lọ síhà Zungeru, àwọn onímọ̀ kan sì gbà pé òun àti àwọn ti inú òkun jẹ́ ìran kan náà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń sọ pé ilẹ̀ àtijọ́ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kì í pani, kó rántí Guinea: ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 1983, ìwọ̀n tó lé díẹ̀ ní 6 pa èèyàn tó ju irínwó lọ níbẹ̀.

Òkun wa tún ní ohùn kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, ó sì dùn mí pé ìwọ̀nba èèyàn ló mọ̀ ọ́n nílé níbí. Jack Oliver kọ̀wé ní ọdún 1962 nípa ìgbì kan tó ń lu ẹ̀rọ káàkiri ayé lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá 26, láìdáwọ́ dúró. Nígbà tí wọ́n tọ ipa rẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ló já sí, nínú òkun tó wà níwájú Bonny. Àwọn kan ní ìgbì omi tó ń lu èbúté ló ń fà á, àwọn kan ń wo apá àwọn òkè oníná tó wà lẹ́bàá São Tomé. Ara èèyàn kò lè mọ̀ ọ́n, kò sì ṣe ilé kankan ní nǹkan. Kì í sì í ṣe ilẹ̀ ríri. Àmọ́ bó ṣe dúró sórí ohùn ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n fi mọ̀ pé kì í ṣe àpáta tó yẹ̀ ló ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ ẹni tó sọ pé kúárì, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ló sán ògiri òun, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ń dá ìjà sílẹ̀ gan-an. Nígbà tí Mpape ní Àbújá mì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, bóhòòlù àti fífọ́ òkúta ni ọ̀pọ̀ èèyàn dá lẹ́bi. Láyìíká Abẹ́òkúta, kúárì pọ̀ lápá Ọ̀dẹ̀dá, wọ́n sì ń wa òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò. Báwo ni a ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀?

Dáínámáìtì máa ń ti gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ síta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ tó wà níhà àríwá àti èyí tó wà níhà gúúsù, gbogbo wọn ni ilẹ̀ á kọ́kọ́ tì sókè. Tí àpáta bá yẹ̀, apá kan ń lọ síwájú, apá kejì ń lọ sẹ́yìn, nítorí náà àwọn ẹ̀rọ kan á kọ́kọ́ gòkè, àwọn mìíràn á kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ìgbì tó ń ti ilẹ̀ síwájú-sẹ́yìn ló máa ń yára dé, èyí tó ń mi ilẹ̀ sọ́tùn-ún sósì á tẹ̀ lé e. Nínú ilẹ̀ ríri, èkejì ló máa ń lágbára jù. Nínú dáínámáìtì, tí a bá wo ohùn òkè wọn, èkejì á rẹ̀ sílẹ̀. Àmì mìíràn tún wà tí wọn ò lè fi pamọ́. Àwọn tó ń fọ́ òkúta kì í jẹ́ kí gbogbo ihò dún pọ̀. Wọ́n máa ń fi àlàfo díẹ̀ sáàárín wọn kí òkúta lè fọ́ dáadáa. Bí àlàfo yẹn bá jẹ́ ìdá 25 nínú ẹgbẹ̀rún kan ìṣẹ́jú-àáyá, ojú ẹsẹ̀ ni ẹ̀rọ á rí i pé ohùn pọ̀ sí i ní 40 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ilẹ̀ kì í ṣètò ara rẹ̀ báyẹn. Ọ̀sán sì ni wọ́n ń yin dáínámáìtì. Èyí tó bá mì ní aago mẹ́ta òru, kí a má tètè dá kúárì lẹ́bi.

Èmi ò sọ pé àwọn tó ń kérora lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá ń purọ́. Ohùn dáínámáìtì lè bọ́ sórí ohùn tí ilé wa fi ń mì. Ilé ilẹ̀ tàbí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan sábà máa ń mì ní ẹ̀ẹ̀mẹrin sí ẹ̀ẹ̀méjìlá ní ìṣẹ́jú-àáyá, ìgbì tó bá sì bá ohùn ilé ṣe déédéé ló ń gbò ó jù. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ tó rì àti búlọ́ọ̀kù tí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ kò tó náà ń sán ògiri. Bí kò bá sí ẹ̀rọ nítòsí tó ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, oníkúárì á máa sẹ́, onílé á máa bínú, kò sì sẹ́ni tó máa lè dá ẹjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ohùn ilé yìí ló jẹ́ kí ìró ilẹ̀ ríri ṣe pàtàkì fún Abẹ́òkúta ju títóbi rẹ̀ lọ. Nígbà tí ilẹ̀ ríri ìwọ̀n 8 ṣẹlẹ̀ létíkun Mexico lọ́dún 1985, olú-ìlú wọn jìnnà sí i ní kìlómítà tó ju 300 lọ, ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ló dé ibẹ̀ pẹ̀lú agbára. Ìlú náà sì wà lórí ẹrẹ̀ adágún àtijọ́ tó gba ohùn yẹn, tó sì sọ ọ́ di ńlá. Àwọn ilé alájà mẹ́fà sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wó jù, nítorí ohùn tiwọn ló bá a mu. Tiwa yóò ṣe òdìkejì. Ilẹ̀ ríri kékeré tó bá já nínú àpáta líle, tó wà nítòsí, ohùn òkè ni yóò fi wá, ohùn òkè sì ni ti ilé pẹlẹbẹ: ilé alámọ̀ onípáànù ní Ìtokò àti Aké, ilé búlọ́ọ̀kù tí wọ́n kọ́ láìsí òpó tó ní irin nínú. Orí àpáta dára láti kọ́lé sí, ẹni àkọ́kọ́ tọ̀nà níbẹ̀, torí kì í sọ mímì di ńlá bíi ti ilẹ̀ rírọ̀. Àmọ́ Abẹ́òkúta wà ní ààlà. Ìhà àríwá jẹ́ àpáta. Bí a bá ń lọ síhà gúúsù, sí Ewékorò àti Pápáláńtò, iyanrìn, amọ̀ àti òkúta ẹfun ló wà lórí rẹ̀, ó sì ń nípọn sí i títí dé Èkó. Bí èyí tó tóbi bá tún ti Ghana wá, apá yẹn àti àwọn ilé gogoro Èkó ni ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa gbò jù.

Wọ́n máa ń bèèrè nípa ìdídò Ọ̀yán náà. Omi tí a bá dí jọ lè mú kí ojú ìsán yẹ̀ lóòótọ́: ti Koyna ní India pa nǹkan bí igba èèyàn lọ́dún 1967. Ṣùgbọ́n ìdídò Koyna ga ju 100 mítà lọ, ti Ọ̀yán kò ju bí 30 lọ.

Ohun tó wá kù ni etí tí a fi máa gbọ́. Orílẹ̀-èdè wa ní ibùdó ńlá kan ní Toro, ní ìpínlẹ̀ Bauchi, àwọn ẹ̀rọ mìíràn sì wà ní àwọn ibi bíi Ilé-Ifẹ̀, Kaduna, Nsukka àti Awka. Toro jìnnà sí Abẹ́òkúta ní kìlómítà tó ju 600 lọ. Ilẹ̀ ríri ìwọ̀n 2, tí ohùn rẹ̀ wà ní ogún ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá, kò lè dé ọ̀hún kí a ṣì rí ohùn kà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó máa gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ wà nítòsí, kó sì máa ka ilẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ìgbà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá. Mẹ́rin tàbí márùn-ún irú rẹ̀ láàárín Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìbàdàn yóò tó láti mọ̀ bóyá àwọn mímì kéékèèké tó ń ṣẹlẹ̀ jẹ́ ti ìtì òkun, ti omi, tàbí ti dáínámáìtì. Owó rẹ̀ kò tó owó ọ̀nà márosẹ̀ kìlómítà kan, lójú tèmi ó sì yẹ kí àwọn fásitì wa ti máa béèrè fún un.

Kó tó di ìgbà yẹn, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lára lè ṣe ìwọ̀nba tó lè ṣe. Kó kọ aago sílẹ̀, títí kan ìṣẹ́jú rẹ̀, àti àdúgbò tó wà. Kó kọ bóyá ìdún kan ṣáájú mímì, nítorí etí wa lè gbọ́ ohùn tó bá ti kọjá ogún ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá, àpáta líle sì máa ń gbé e dé ojú ilẹ̀. Kó wo ohun tó mì: bí abọ́ àti páànù bá ró fún ìṣẹ́jú-àáyá kan péré, nítòsí ni ó ti wá, bí gílóòbù tó rọ̀ lókè bá ń fì díẹ̀díẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìsí ariwo kankan, kó máa retí ìròyìn láti Accra.